Ẹyẹ ojú títì yẹn kì í ṣe òwìwí o, kì í sì í ṣe ẹyẹ àjẹ́

Oṣù Disẹ́ńbà ni, à ń bọ̀ láti Ṣakí, ilẹ̀ ti ṣú. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ń wakọ̀, èmi jókòó síwájú, àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́yìn, ọ̀kan ọmọ ọdún 7, èkejì ọmọ ọdún 10. A ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ síbi tí ọ̀dà ti ṣí kúrò tó ku kìkì ilẹ̀ pupa, ni iná ọkọ̀ wa bá ta sí nǹkan méjì kan láàárín ọ̀nà, pupa, ó ń tàn bí ẹyin iná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wà jáde nínú ààrò. Èyí àbúrò figbe ta. Èyí ẹ̀gbọ́n ní kó panu mọ́, pé òwìwí ni, ẹyẹ àjẹ́ ni, téèyàn bá pariwo á mọ ohùn ẹni. Bàbá wọn tẹ búrèkì, a rọra ń sún mọ́ ọn, nǹkan náà ò mira rárá, àfìgbà tó ku díẹ̀ kí táyà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra fẹ́ẹ́, bí ewé gbígbẹ tí atẹ́gùn gbé, a ò gbọ́ ariwo ìyẹ́ kankan, ó sì wọ inú òkùnkùn lọ.

Ìbéèrè tí wọ́n bi mí kí a tó dé Ìsẹ́yìn ò lóǹkà. Kí ló dé tójú ẹ̀ ń tan iná, kí ló ń ṣe lójú títì, kí ló dé tí ò sá, ibo ló máa ń wà lọ́sàn-án, ṣé ó máa ń jẹ èèyàn. Mo dáhùn èyí tí mo mọ̀, mo ka ìwé kún èyí tó kù nígbà tí mo délé, mo wá ń kọ ọ́ síbí fún ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin tíṣà, torí mo ti rí i pé àwa àgbà gan-an ni ẹyẹ yìí rú lójú, nǹkan tó bá sì ti rú àgbà lójú, ẹ̀rù rẹ̀ ló máa ń fi lé ọmọ lọ́wọ́.

Nightjar lorúkọ tí àwọn onímọ̀ ẹyẹ ń pè é lóyìnbó, òun ni màá sì máa lò. Ọmọ tó bá ti ń gbọ́ òyìnbó díẹ̀ á bi yín pé ṣé ìgò òru ni, torí jar tó mọ̀ ni èyí tí wọ́n ń kó jáàmù sí. Jar ti ibí yìí kì í ṣe ìgò o, ohùn tó ń gbọ̀n létí èèyàn ló túmọ̀ sí. Púpọ̀ nínú wọn, tí wọ́n bá ń ké lóru, ohùn kan náà ni wọ́n máa ń fà gùn lọ bí ẹ́ńjìnnì tí ẹnì kan tàn sílẹ̀ tó gbàgbé láti pa. Èyí tó wà ní Yúróòpù, ìró kéékèèké inú igbe rẹ̀ lè tó 1,900 ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo! Ẹni tó bá gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́yìnkùlé lóru tí ò rí ẹni tó ń ké e, ó yẹ kí àyà rẹ̀ já lóòótọ́, mi ò bá a wí. Oríṣi nightjar tó wà láyé lé ní 90, ọ̀pọ̀ nínú wọn wà nílẹ̀ Áfíríkà, àwọn kan sì wà ní ilẹ̀ ọ̀dàn tiwa níbí, láti Òkè Ògùn lọ sókè.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ òwìwí. (Òwìwí náà ò ṣẹ ẹnì kankan, àmọ́ ọ̀rọ̀ tiẹ̀ á di ọjọ́ mìíràn.) Òwìwí, ẹsẹ̀ ló fi ń ṣọdẹ. Á já lé eku lórí, á fi èékánná gbá a mú, á wá fi ẹnu kọdọrọ yẹn fà á ya. Nightjar ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé, ẹsẹ̀ tiẹ̀ kúrú, ó tín-ín-rín, ìrìn gan-an ò mọ́ ọn lára, ẹnu ló fi ń mú gbogbo nǹkan tó bá máa jẹ, lójú òfuurufú ló sì ti ń mú èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ojú òwìwí wà níwájú bí ojú èèyàn, ojú nightjar wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí lápá méjèèjì. Òwìwí máa ń nàró lórí ẹ̀ka igi, nightjar máa ń nà gbalaja lé ẹ̀ka ní gígùn ni, bí ìgbà tí kùkùté kékeré bá yọ lára igi, tàbí kó kúkú bà sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Tí ọmọ bá ti mọ ìyàtọ̀ ẹsẹ̀ àti ojú yẹn nìkan, kò ní ṣì wọ́n mú mọ́.

Ojú tó ń tan iná ńkọ́? Kò sí iná kankan nínú ojú ẹ̀. Lẹ́yìn ojú ẹ̀ nínú lọ́hùn-ún, awọ kan wà tó ń dán bíi dígí. Ìmọ́lẹ̀ tó bá wọlé tí ojú ò rí lò tán, dígí yẹn á dá a padà kí ojú tún rí i lò lẹ́ẹ̀kejì, ìyẹn ló jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ lásán tó o láti fi ríran. Èyí tó bá ṣẹ́kù ló ń jáde padà sọ́dọ̀ wa, tá à ń rí i bí ẹyin iná. Tọ́mọ bá ń ṣiyèméjì, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, ẹ lọ tàn án sí ewúrẹ́ nínú àgbàlá lálẹ́, tàbí ológbò, ẹ jẹ́ kó fojú ara ẹ̀ rí i. Èyí kékeré tiwa, ewúrẹ́ ìyá àgbà ló tan tọ́ọ̀ṣì sí lálẹ́ ọjọ́ kejì, ó dúró pẹ́, ó wá ní, “Àǹtí, ṣé ewúrẹ́ náà kì í ṣe àjẹ́?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kì í ṣe àjẹ́. Ó ní, “Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹyẹ yẹn náà ò lè jẹ́ àjẹ́ nìyẹn.” Mi ò tún ní nǹkan kan láti fi kún un.

Ìdí tó fi ń jókòó sójú ọ̀nà ò le. Ojú ọ̀nà mọ́, kò sí koríko tó máa dí i lójú, ó lè gbójú sókè kó rí kòkòrò tó bá ń fò kọjá, á gbéra, á gbé e mì, á tún padà wá bà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ó wà ní tábìlì oúnjẹ ẹ̀ ni. Ó sì ṣeni láàánú pé ibẹ̀ náà ni mọ́tò ti ń pa wọ́n, torí nígbà tí ẹ̀rù bá bà á, dídúró jẹ́ẹ́ ni gbogbo ara ẹ̀ ti kọ́ ọ láti ṣe, táyà ò sì mọ̀yẹn.

Dídúró jẹ́ẹ́ yìí gan-an lọ̀rọ̀ tó dùn mọ́ mi jù níbẹ̀, ẹ fara balẹ̀ bá àwọn ọmọ sọ ọ́ dáadáa. Ẹyẹ tí ò ní èékánná gidi, tí ẹnu ẹ̀ ò lè bu nǹkan jẹ, tó tún gbọ́dọ̀ sùn lọ́sàn-án lórí ilẹ̀ níbi tí ejò ń gbà kọjá, tí àṣá wà lókè, tí ọ̀bọ ń tú inú koríko, kí ló fẹ́ fi gba ara ẹ̀ là? Àwọ̀ ara ẹ̀ ni. Tí ẹ bá wo ìyẹ́ ẹ̀ nítòsí, ẹ ó rí eérú, ẹ ó rí àwọ̀ ewé gbígbẹ, ẹ ó rí dúdú wínníwínní bí ojú èèpo igi, funfun díẹ̀ bí ibi tí oòrùn ti gba àárín ewé kọjá, gbogbo ẹ̀ lọ́ mọ́ra débi pé ojú ò rí ibi tí ẹyẹ parí sí tí ilẹ̀ gbà á. Ojú ẹ̀ tó tóbi tó ń dán yẹn tí ì bá tú u fó, á pa á dé títí á fi ku ìlà tẹ́ẹ́rẹ́, àtinú ìlà yẹn lá ti máa wò yín tí ẹ̀yin ò sì ní rí i. Èèyàn lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó tó fò.

Ibi tí àwọn ọmọ ti máa ń ṣì í ni pé wọ́n á ní, ẹ̀n-ẹ́n, bí alágẹmọ nìyẹn. Rárá o. Alágẹmọ ló ń pa àwọ̀ dà. Àwọ̀ nightjar, ibi tó wà náà ló wà, kò lè bá ilẹ̀ yí i padà, ohun tó lè ṣe ni kó wá ilẹ̀ tó bá àwọ̀ tiẹ̀ mu lọ. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì láti yunifásítì Exeter àti Cambridge ló lọ wo ọ̀rọ̀ yìí fínnífínní ní orílẹ̀-èdè Zambia, wọ́n ń ya fọ́tò àwọn ẹyẹ tó ń sàba lórí ilẹ̀, nightjar wà lára wọn, wọ́n wá ń ṣírò bí ojú àwọn ẹranko tó ń pa wọ́n jẹ ṣe máa rí wọn, torí ojú ọ̀bọ kì í ṣe ojú ẹyẹ. Lọ́dún 2016 wọ́n fi hàn pé nightjar tí àwọ̀ ẹ̀ bá bá ilẹ̀ tó sàba sí mu dáadáa, ẹyin ẹ̀ kì í tètè bọ́ sẹ́nu ẹranko. Lọ́dún 2017 wọ́n tún tẹ òmíràn jáde, èyí ló yà mí lẹ́nu jù, pé ẹyẹ kọ̀ọ̀kan ló ń yan ibi tó bá àwọ̀ tara ẹ̀ gan-an mu. Kì í ṣe pé gbogbo irú wọn ń lọ síbì kan náà, èyí tó pupa díẹ̀ á wá ibi tó pupa díẹ̀, èyí tó dúdú díẹ̀ á wá tiẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ kó àwọn fọ́tò náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì bíi géèmù, pé kí ará ìlú máa wá ẹyẹ náà nínú fọ́tò, kí wọ́n lè mọ bó ṣe ń pẹ́ tó kí ojú èèyàn tó rí i.

Kò ní ìtẹ́ o. Ẹ má wá a lórí igi. Orí ilẹ̀ lásán ló ń yé ẹyin sí, lórí ewé gbígbẹ tàbí àárín òkúta wẹ́wẹ́, ẹyin méjì lọ́pọ̀ ìgbà, á wá fi ara bò ó, òun fúnra ẹ̀ ni òrùlé, òun náà ni ògiri. Tí èèyàn tàbí ẹranko bá wá sún mọ́ ọn jù, á fò jáde, á bọ́ sílẹ̀ níwájú díẹ̀, á máa gbọn ìyẹ́ pátápàtá bí ẹni pé apá ẹ̀ ti ṣẹ́, kí ọ̀tá lè máa lé e lọ kúrò nídìí ọmọ. Tó bá ti fà á jìnnà tó, ara ẹ̀ á yá lójijì, á fò lọ. Àwọn tó máa ń rí èyí nínú oko máa ń sọ pé ẹyẹ náà fẹ́ mú àwọn ṣìnà, òótọ́ ni wọ́n sọ, àmọ́ ìyá ọmọ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe iwin.

Tó bá dórí oúnjẹ, ẹ fi èsúnsún bẹ̀rẹ̀, torí kò sí ọmọ tí ò mọ̀ ọ́n. Òjò àkọ́rọ̀ á rọ̀, ilẹ̀ á gbóná fẹ́ẹ́, nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́ wọ́n á tú jáde nínú ilẹ̀ pìtìpìtì, wọ́n á máa rọ́ lu gílóòbù, àwọn ọmọ á gbé omi sínú abọ́ sábẹ́ iná, ìyẹ́ á máa já sínú omi, lọ́jọ́ kejì wọ́n á yan án pẹ̀lú iyọ̀. Ẹ sọ fún wọn pé bí wọ́n ṣe wà nídìí abọ́ yẹn, nightjar náà wà lójú ọ̀run níbi tí iná ò dé, ó ń kó tiẹ̀. Ó ń jẹ àfòpiná, ó ń jẹ ọ̀bọ̀n-ùn bọn-ùn, ó ń jẹ kòkòrò oríṣiríṣi tó bá ṣáà ti ń fò lálẹ́. Ẹnu ẹ̀ ló máa ń ya ọmọdé lẹ́nu jù. Tó bá pa á dé, kóńkóló kékeré kan báyìí ni, ẹ ò ní kà á sí. Tó bá là á, á là dé abẹ́ ojú, gbogbo orí ẹ̀ á wá di ẹnu, irun líle bíi ti ẹnu ológbò sì yọ létí ẹnu náà lọ́tùn-ún lósì. Ìka àárín ẹsẹ̀ ẹ̀ tún ní èékánná tó yọ eyín wẹ́wẹ́ bí òòyà, ó fi ń ya ìyẹ́ ara ẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ o, kì í ṣe àwa nìkan la rò ibi sí ẹyẹ yìí. Ní Gíríìsì àtijọ́, Aristotle tí gbogbo ayé ń pè ní ọ̀mọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹyẹ yìí máa ń wá mu ọmú ewúrẹ́ lóru, pé ọmú náà á gbẹ, ewúrẹ́ náà á sì fọ́jú. Ó wọ inú orúkọ débi pé Caprimulgus tí wọ́n ń pe ọ̀pọ̀ wọn nínú ìwé sáyẹ́ǹsì títí dòní, afúnwàrà-ewúrẹ́ ló túmọ̀ sí lédè Látìn. Kò mu wàrà rí. Ibi tí ẹran ọ̀sìn bá wà ni kòkòrò máa ń pọ̀ sí, ibi tí kòkòrò bá pọ̀ sí ló ń lọ, darandaran rí i nídìí ewúrẹ́ lóru, ewúrẹ́ kan wá ṣàìsàn, wọ́n so méjèèjì pọ̀. Mo sọ èyí fún èyí ọmọ ọdún 10 torí òun ló mú ọ̀rọ̀ àjẹ́ wá láti ilé ìwé, mo fẹ́ kó rí i pé bí ìtàn ẹ̀rù ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: ẹnì kan rí nǹkan ní òkùnkùn, kò sì padà wá wò ó ní ìmọ́lẹ̀.

Oríṣi kan wà nílẹ̀ ọ̀dàn Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí ò lè ṣàìda ẹ̀rù bo ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, standard-winged nightjar ni wọ́n ń pè é. Tí àkókò tí akọ ń gun abo bá dé, ìyẹ́ kan ṣoṣo nínú apá ọ̀tún akọ àti ìkan nínú apá òsì á gùn jáde, ó lè tó sẹ̀ǹtímítà 38, bẹ́ẹ̀ ara ẹyẹ náà fúnra ẹ̀ ò ju bíi 23 lọ. Apá tó pọ̀ nínú ìyẹ́ yìí ló máa wà lóròòho bí ẹyọ ìgbálẹ̀, orí ẹ̀ nìkan ló máa fẹ̀ bí àsíá. Tó bá ń fò yí abo ká ní ìrọ̀lẹ́, ojú ò ní rí ọ̀pá tín-ín-rín yẹn, àsíá méjèèjì nìkan lojú máa rí, èèyàn á ní ẹyẹ ńlá kan ń lọ, ẹyẹ kéékèèké méjì ń lé e! Tí àkókò yẹn bá kọjá, ìyẹ́ náà á bọ́, á dà bí àwọn yòókù.

Nightjar sì tún fẹ́ràn òṣùpá. Òkùnkùn biribiri ò rọrùn fún un bí a ṣe rò, ojú ló fi ń ṣọdẹ. Àwọn onímọ̀ láti yunifásítì Lund ní Sweden so ẹ̀rọ kékeré mọ́ nightjar Yúróòpù tó máa ń wá lo ìgbà òtútù ní Áfíríkà, wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2019, wọ́n rí i pé ọdẹ tó ń ṣe lóru òṣùpá ju ìlọ́po méjì ti òru tó ṣókùnkùn lọ, ó sì ń yan àkókò ìrìnàjò ẹ̀ tẹ̀ lé e, òṣùpá á yọ kún, wọ́n á jẹun yó, wọ́n á wá jọ gbéra.

Títí di báyìí ojú ò tíì rí gbogbo wọn tán. Lọ́dún 1990 àwọn tó lọ ṣèwádìí ní Nechisar ní Ethiopia rí nightjar kan tí mọ́tò ti pa lójú ọ̀nà, apá kan ṣoṣo ló ṣeé mú délé. Nígbà tí wọ́n yẹ apá náà wò, kò jọ ti ìkankan nínú èyí tí wọ́n mọ̀, lọ́dún 1995 wọ́n sọ ọ́ ní Caprimulgus solala, apá kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ kejì yẹn sì túmọ̀ sí. Àwọn ọmọ fẹ́ràn ìtàn yìí ju gbogbo ẹ̀ lọ. Wọ́n ń bi mí pé apá èwo ni, ọ̀tún àbí òsì.

Tí ẹ bá fẹ́ fi ẹyẹ yìí mọ ọmọ, ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ mú u wálé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kan ẹyin tàbí ọmọ ẹyẹ náà, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì mọ́ ọn lójú pẹ́. Ohun tá a ṣe nílé rọrùn: mo gé páálí sí ìrísí ẹyẹ mẹ́ta, ọ̀kan a kùn ún ní búlúù, ọ̀kan a fi àwọ̀ ilẹ̀ lásán kùn ún, ẹ̀kẹta àwọn ọmọ fi gọ́ọ̀mù lẹ ewé máńgòrò gbígbẹ, eérú àti iyanrìn mọ́ ọn. Mo lọ kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sábẹ́ igi máńgòrò, mo ní kí wọ́n wá wọn láti ìdí kànga. Búlúù, lójú ẹsẹ̀. Aláwọ̀ ilẹ̀, ó gba wọn díẹ̀. Ẹ̀kẹta, àwọn fúnra wọn tó ṣe é, wọ́n kọjá lára ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo wá gbé ẹ̀kẹta yẹn lọ sórí símẹ́ǹtì iwájú ilé, wọ́n rí i kí n tó yíjú padà. Wọn ò nílò àlàyé kankan mọ́ lórí ìdí tó fi ń yan ibi tó máa sùn sí. Ọjọ́ yẹn ni èyí kékeré sọ ọ́ ní Ẹyẹ Ewé, orúkọ tá à ń pè é nílé wa títí di òní nìyẹn.

A tún gba ọ̀nà yẹn kọjá lásìkò Àjíǹde. Ẹyin iná méjèèjì tún wà níbẹ̀, kò jìnnà síbi tí ti ọjọ́sí wà. Èyí kékeré ló kọ́kọ́ rí i, ó ní, “Dádì, ẹ dín iná kù, ẹ rọra, Ẹyẹ Ewé ni.” Bàbá wọn dín iná kù, ó dúró. Ó gbéra fẹ́ẹ́. Èyí ọmọ ọdún 10 ti yọ orí síta fèrèsé, ó ń wò bóyá ẹyẹ kéékèèké méjì ń lé e bọ̀ lẹ́yìn.